Ìbàdí Tó Kán Kì Í Dúró De Ìpàdé Ẹbí

Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá àti bàbá wa ni mo bá wá lónìí. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà wa bá ṣubú, tí ìbàdí rẹ̀ sì kán, ìfẹ́ tí à ń fi hàn a máa pa á lára nígbà míì.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Màmá yọ̀ ní bálùwẹ̀, dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló kù. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti London dé Houston, dé Ìbàdàn. Ẹnì kan ní kí wọ́n má fi ọ̀bẹ kàn Màmá, ọjọ́ orí wọn ti pọ̀ jù. Ẹlòmíì ní ká gbàdúrà ọjọ́ mẹ́ta ná. Ẹ̀kẹta mọ teguntegun kan nílé. Ọjọ́ ń lọ, Màmá wà lórí bẹ́ẹ̀dì nínú ìrora.

Èmi kì í ṣe dókítà, iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mo kọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí yé oníṣẹ́ ẹ̀rọ dáadáa. Ìbàdí dà bíi bọ́ọ̀lù jọ́ọ̀ǹtì ọkọ̀: orí eegun itan rí roboto, ó ń yí nínú ihò rẹ̀. Ọ̀nà ọrùn eegun náà ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ orí rẹ̀ ń gbà. Bí ọrùn bá kán tó sì yẹ̀, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ lè já, kí orí eegun kú. Teguntegun tó mọṣẹ́ lè di apá tó kán, n kò bú wọn. Ṣùgbọ́n igi wo ni wọ́n fẹ́ fi di ohun tó wà nínú lọ́hùn-ún?

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń pààrọ̀ rẹ̀ fún àgbàlagbà. Kì í ṣe ìdánrawò. Láti ọdún 1962 ni John Charnley, dókítà kan ní Wrightington Hospital ní Lancashire, ti ń lo bọ́ọ̀lù irin, ihò ike líle àti sìmẹ́ńtì tó ń dè é mọ́ eegun. Teflon ló kọ́kọ́ fi ṣe ihò náà, àmọ́ ó jẹ kíákíá.

Àwọn kan á tún máa jiyàn bóyá orí eegun nìkan ni ká pààrọ̀ àbí tòun ti ihò. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2019, tí wọ́n ṣe fún èèyàn 1,495 ní orílẹ̀-èdè 10, fi hàn pé láàárín ọdún méjì, iye àwọn tó padà sábẹ ọ̀bẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún dókítà. Àkókò ni kí ẹ máa ṣọ́.

Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ní England ni pé kí iṣẹ́ abẹ náà wáyé lọ́jọ́ tí aláìsàn dé ọsibítù tàbí lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n sì gbé e dìde lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé iṣẹ́ abẹ. Ìdùbúlẹ̀ ló ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró, egbò ìdí àti ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹsẹ̀. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko.

Òótọ́ ni pé iṣẹ́ abẹ ní ewu tirẹ̀. Dókítà lè ní kí àwọn kọ́kọ́ tún nǹkan kan ṣe nínú ara. Ìyẹn yàtọ̀ sí kí ìgbìmọ̀ orí fóònù máa fi ọjọ́ ṣòfò. Bí ọpọlọ Màmá bá pé, àwọn fúnra wọn ló ni ara wọn; ẹ bi wọ́n léèrè.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dín "Màmá, ẹ sinmi" kù. Bí olùtọ́jú bá ní kí wọ́n dìde, ẹ má bínú sí i pé kò mọ àgbà. Ìtọ́jú ló ń ṣe.

Bó bá sì jẹ́ nílé ló ti ṣẹlẹ̀, níbi tí ẹbí ti sábà máa ń san owó fúnra wọn, ẹ tètè dáwó jọ. A mọ bí a ti ń dáwó ìsìnkú láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí a ó tún yan aṣọ ẹbí. Ẹ jẹ́ ká fi irú ìyára bẹ́ẹ̀ ṣe é nígbà tí Màmá ṣì lè fẹsẹ̀ ara wọn rìn wá jẹ ìrẹsì níbẹ̀.