Èdè Wo Ni Èdè Àkọ́kọ́ Wa?

Nínú fọ́ọ̀mù Common App, tí ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà fi ń gba akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n máa ń béèrè èdè àkọ́kọ́ ẹni. Ní Elavagnon, Ifẹ̀, tí àwọn kan ń pè ní Ana, ni à ń sọ nílé. Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa níwèé. Àwọn kan ní kí á kọ Faransé, nítorí ta ló mọ Ifẹ̀ lọ́hùn-ún?

A kò fara mọ́ ọn. Ifẹ̀ ní àmì tirẹ̀, 'ife', nínú ISO 639-3 tí àwọn onímọ̀ èdè ń lò káàkiri ayé. Ẹ̀wẹ̀, Faransé kò yọ wá nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Èyíówù kí á kọ, ọ̀pọ̀ yunifásítì yóò ṣì béèrè TOEFL tàbí irú rẹ̀, a ó sì túmọ̀ ìwé-ẹ̀rí Bac wa sí Gẹ̀ẹ́sì. Èrè wo ló wá wà nínú fífi èdè ìyá ẹni pamọ́?

Lóòótọ́, ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà dá físà akẹ́kọ̀ọ́ dúró fún ọmọ Tógò. Ṣùgbọ́n físà ni wọ́n lè fi dù wá, wọn kò lè fi èdè wa dù wá. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, àwa tí à ń kọ́ ìmọ̀ èdè kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ sẹ́ èdè wa.