Mi Ò Gba Ọlọ́run Gbọ́, Mi Ò Sì Ya Wèrè

Tí mo bá ti sọ pé mi ò gba Ọlọ́run gbọ́, ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ni, "Ta ló ṣe ẹ́?" Kì í ṣe "Kí nìdí?" o. Bíi pé ẹnì kan ló fi nǹkan sóúnjẹ mi. Màmá mi pàápàá ti gbààwẹ̀ nítorí mi. Mi ò bínú sí wọn, ìfẹ́ ni. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé lọ́dọ̀ wa, ẹni tí kò gbàgbọ́ kì í ní èrò. Àìsàn ló ń ṣe é.

Tẹ́ ẹ bá ní àsọdùn ni, ẹ wo Mubarak Bala. Ní 2014, nígbà tó sọ fáwọn ẹbí rẹ̀ ní Kano pé òun ò ṣẹ̀sìn mọ́, ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ni wọ́n gbé e lọ. Ní 2020, ọlọ́pàá mú un nítorí ohun tó kọ sórí Facebook. Ní 2022, ilé ẹjọ́ rán an lẹ́wọ̀n ọdún 24, kí kóòtù kòtẹ́milọ́rùn tó dín in kù sí 5 ní 2024. Kò jalè, kò lu ẹnikẹ́ni. Ká tiẹ̀ ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ le, ṣebí ọ̀rọ̀ la fi ń dá ọ̀rọ̀ lóhùn?

Ẹ lè ní, "Ìyẹn òkè ọya, àwa Yorùbá ò kì í ṣe bẹ́ẹ̀." Lóòótọ́, a kì í rán an lẹ́wọ̀n. A kàn ní ò ní fẹ́ ọmọ wa ni.

"Láìsí ìbẹ̀rù Ọlọ́run, kí ló máa ní kó o má jalè?" Ẹ bi Ìkẹ́nnẹ́ léèrè. Tai Solarin ò gba Ọlọ́run gbọ́, kò sì fi bò. Ní 1956 ló dá Mayflower School sílẹ̀, iléèwé tí kò ti kọ́ ọmọ ní ẹ̀sìn kankan, síbẹ̀ àwọn òbí onígbàgbọ́ ń kó ọmọ lọ síbẹ̀. Nígbà tí ìjọba dá People's Bank sílẹ̀ ní 1989 láti máa yá mẹ̀kúnnù lówó, òun ni wọ́n fi ṣe alága. Ẹni tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run ni wọ́n gbé owó lé lọ́wọ́!

Kóòdù ni mò ń kọ jẹun. Tí mo bá ní iṣẹ́ mi ò ní àṣìṣe, àwọn ọ̀gá á ní kí n dán an wò lójú àwọn. Mi ò lè sọ pé wọ́n bú mi. Kí ló wá dé tí "Báwo lẹ ṣe mọ̀?" fi di èébú tó bá kan ẹ̀sìn?

Àmọ́ ẹ̀yin tá a jọ wà níhà kan náà, ẹ gbọ́ o: ẹni tó ń pe ìyá tó ń gbàdúrà ní òmùgọ̀ ò tíì jiyàn, èébú ló ń bú.

Abala 38 nínú òfin Nàìjíríà ti 1999 fún gbogbo wa lómìnira láti ronú, ká sì yí ìgbàgbọ́ padà. Tí màmá mi bá ń gbàdúrà lórí oúnjẹ, mo máa ń dákẹ́ títí wọ́n á fi parí. Ohun tí mò ń béèrè ò ju ìyẹn lọ: témi náà bá ń sọ̀rọ̀, ẹ dákẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ parí. Lẹ́yìn náà, ẹ ta kò mí.