Àkọ̀ Ni Ìpọ́n Àkọ́kọ́

Ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ tí à ń jù nù nínú ilé wa ni kò tíì bàjẹ́. Ẹnu wọn ló kújú, ẹnu ọ̀bẹ kò sì tó nǹkan: ó tín-ín-rín ju irun orí lọ fíìfíì. Irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣì lè gé ẹ̀fọ́ fún ogún ọdún. Síbẹ̀, a ó lọ sọ́jà lọ ra òmíràn, a ó sì sọ tuntun náà sínú ike kan náà pẹ̀lú ṣíbí àti fọ́ọ̀kì, títí tí òun náà yóò fi kújú. Èmi gbà pé ìpọ́n nìkan la gbájú mọ́, a gbàgbé ibi tí ọ̀bẹ ń sùn àti bí a ṣe ń gbé e kiri, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Àwọn àgbà ní idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ìwà òmùgọ̀ ni wọ́n ń fi òwe náà bá wí, ṣùgbọ́n ó tún rán wa létí pé àkọ̀ ni ilé idà. Ọ̀bẹ aláìnílé ló kún ilé ìdáná wa.

Irin tó bá ń gbá irin ló ń ká ẹnu ọ̀bẹ kò, àwo tí à ń gé àlùbọ́sà lé lórí náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin tí ń bẹ ẹ̀gẹ́ fún gàrí kò lè sá fún èyí, nítorí iyẹ̀pẹ̀ ara èèpo a máa jẹ ẹnu ọ̀bẹ; dandan ni kí wọ́n máa pọ́n ọ̀bẹ léraléra. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gé tòmátì àti ẹran nínú ilé kò ní àwáwí. Kó gé e lórí pákó, kó fọ ọ̀bẹ, kó nù ún gbẹ, kó sì ti ẹnu rẹ̀ bọ inú àkọ̀.

Àkọ̀ yìí kò gba owó. Páálí bàtà tó fún ọ̀bẹ ilé ìdáná. Ẹ gé e kó fẹ̀ tó ọ̀bẹ lọ́nà méjì, kí ẹ fi díẹ̀ kún un, kí ẹ ká a pọ̀ kí ẹ̀yìn ọ̀bẹ wà níbi tó ti ká. Kí ẹ tó fi sẹ́lótéèpù dí i, ẹ fi ègé páálí tóóró kan há apá ibi tí ẹnu ọ̀bẹ yóò wà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ kejì ló máa gé sẹ́lótéèpù náà jáde. Fún àdá, ẹ la rọ́bà tí a fi ń fa omi ní gbọọrọ, ẹ fi há a lẹ́nu, kí ẹ sì fi tíúbù kẹ̀kẹ́ dè é. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó le lè lo páìpù ike tí àwọn púlọ́ńbà ń lò: omi híhó á mú un rọ̀, a ó sì fi pákó tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Ẹ má fi iná sun ún o, májèlé wà nínú èéfín rẹ̀. Awọ dára, àwọn oníṣọ̀nà awọ ní Ọ̀yọ́ mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n awọ a máa gba ọ̀rinrin mọ́ra. Ó yẹ fún ìrìn. Kò yẹ kí àdá sùn sínú rẹ̀ láti òjò dé ẹ̀ẹ̀rùn. Tí ẹ bá máa fi òróró pa àdá lára kó má baà dógùn-ún, àdín dára ju ọ̀pọ̀ òróró ìdáná lọ, nítorí kì í tètè gan mọ́ irin.

Nígbà tí ìpọ́n bá wá di dandan, ẹ dojú ife tíì dé, irú ife tánńganran tó máa ń fọ́. Òrùka kan wà nídìí rẹ̀ tí kò dán. Ó le ju irin ọ̀bẹ lọ, ó sì ń pọ́n ọ̀bẹ dáadáa. Ẹ gbé ọ̀bẹ dúró ṣánṣán lórí rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì, kí ẹ tún tẹ ìdajì yẹn sí méjì: ẹ ti wà ní nǹkan bíi dígírì 22. Ẹ fà á lọ́tùn-ún, ẹ fà á lósì, láì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ṣíwájú, kí ẹ fà á lórí bẹ́líìtì aláwọ tó ti gbó. Fáìlì ni ti àdá, irin rẹ̀ kò le jù fún un.

Ẹnìkan lè ní, kí ló dé tí a ò gbé e fún àwọn tí ń gbé ẹ̀rọ ìpọ́nbẹ kiri? Bí ẹnu ọ̀bẹ bá ti ya, iṣẹ́ wọn nìyẹn, ẹ sanwó fún wọn. Àmọ́ òkúta tó ń yí kíákíá a máa jẹ irin púpọ̀, a sì máa mú un gbóná. Ẹnu ọ̀bẹ tó bá ti yí sí àwọ̀ búlúù ti gbóná tó bíi dígírì 300, ó sì ti pàdánù lára líle tí iná àti omi fún un. Yóò mú lónìí, yóò kújú lọ́túnla.

Àtakò tó wúwo jù ni pé ọ̀bẹ mímú léwu nínú ilé tí ọmọdé wà. Òótọ́ ni pé ó léwu níta gbangba. Ṣùgbọ́n èyí tó kújú la máa ń fi agbára tẹ̀, òun ló sì ń yọ̀ kúrò lórí iṣu bọ́ sí ìka. Àkọ̀ ló ń dáàbò bo ọmọdé, kì í ṣe kíkújú.

Ti gbígbé kiri ló kù. Alásè tó ń lọ síbi ìnáwó sábà máa ń fi àkísà wé ọ̀bẹ rẹ̀. Àkísà yóò tú, ọ̀bẹ yóò sì gún ẹni tó bá ń tú ẹrù. Àwọn ará wa tó ń se oúnjẹ ìnáwó nílùú London tún ní ti òfin láti rò. Láti ìgbà òfin ọdún 1988 ni gbígbé ọ̀bẹ ní gbangba láìnídìí ti di ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, àyàfi ọ̀bẹ kékeré tó ń ká, tí ẹnu rẹ̀ kò ju ínǹsì 3 lọ, tí kì í há bí a bá ṣí i. Ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní àwíjàre, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni yóò fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Páálí kò lè bá a rojọ́. Kó fi ọ̀bẹ sínú àkọ̀, kó tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ ẹrù, kó sì to ìkòkò àti ìgbakọ lé e lórí.