Iná Ọdún Kì Í Ṣe Ìnákúnàá

Tí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ kan náà la máa ń gbọ́ láti Kétu dé Máìlì 12: "Ẹni tí ebi ń pa, kí ló fẹ́ fi iná aláràbarà ṣe?" Àwọn àgbà ń sọ ọ́, àwọn ojúgbà wa náà ń gbè é lẹ́sẹ̀. Àwa ò gbà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Okùn iná LED kékeré kan tó ń lo wáàtì 10, tí a bá ń tàn án fún wákàtí 6 lálaalẹ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, kò ní jẹ ju yúnítì 1.8 lọ. Kódà ní ₦225 fún yúnítì kan, iye tí àjọ NERC gbé owó iná Band A sí ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, nǹkan bí ₦405 ni gbogbo rẹ̀. Owó yẹn ò lè gbé èèyàn kan láti Kétu lọ sí Victoria Island kó sì gbé e padà. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an làwọn ará ibí ń lọ! Ọdọọdún ni báńkì Zenith ń fi iná ṣe òpópónà Ajose Adeogun lọ́ṣọ̀ọ́, tí bàbá, ìyá àtọmọ á wọkọ̀ lọ ya fọ́tò níbẹ̀. Ẹni tó ní iná ò ṣe nǹkan kan fún ọkàn èèyàn, kó wá ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń wá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Àwọn mìíràn á ní àṣà òyìnbó ni. Lóòótọ́, ní London, oòrùn ti máa ń wọ̀ kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù nínú oṣù Kejìlá, òkùnkùn yẹn sì ń mú ọkàn àwọn kan rẹ̀wẹ̀sì. Tiwa yàtọ̀. Ní nǹkan bí agogo mẹ́fà àbọ̀ ni oòrùn ń wọ̀ l'Ékòó. Òkùnkùn tiwa kì í ṣe ti ojú ọ̀run, ti wáyà ni. Ta ló tiẹ̀ sọ pé òyìnbó ló kọ́ wa láti tanná ọdún? Àwa tí à ń kọ́ ẹ̀kọ́ Yorùbá ò gbọdọ̀ jẹ́ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kọjá. L'Óṣogbo, nígbà ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù Kẹjọ, wọ́n ń tan àtùpà olójú mẹ́rìndínlógún lálẹ́, wọ́n á sì jó yí i ká. Epo ni wọ́n ń bù sí i. A ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pariwo pé kí wọ́n lọ fi epo náà se ọbẹ̀.

Ìdùnnú tí à ń wí yìí ò sì sí nínú gílóòbù nìkan. Ẹ wo àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò tó ń gé ọ̀rá aláwọ̀ oríṣiríṣi, tí wọ́n ń so ó mọ́ okùn, tí wọ́n ń ta á láti ilé kan sí èkejì fún káníváàlì ìparí ọdún. Ẹnì kan di àkàbà mú, ẹnì kan ń fa okùn, ìyá oníbúrẹ́dì ń pàṣẹ láti ìsàlẹ̀ (òun ni kò sì dá kọ́bọ̀), àwọn tí kò kí ara wọn láti oṣù Kẹfà ti ń pa ara wọn lẹ́rìn-ín. Ti Ajose Adeogun lẹ́wà, àmọ́ a ò lọ́wọ́ sí i. Òǹwòran la jẹ́ níbẹ̀. Ìṣòro tiwa ni pé tílẹ̀ bá ti ṣú, òkùnkùn á gbé gbogbo ọ̀ṣọ́ náà mì.

Nítorí náà, à ń bá ẹ̀yin ìjọba ìdàgbàsókè Ìkòsì-Ìṣẹri àti Àgbóyì-Kétu wí, àti ẹ̀yin báńkì tẹ́ ẹ ń gba owó wa pamọ́ lẹ́bàá títì Ìkòròdú. Ẹ tanná sí Kétu. Ẹ tan án sí Dẹ́múrìn. Ẹ tan án sẹ́nu ọjà Máìlì 12, kí ìyá aláta tó di owó ọjà mọ́ ìdí lè máa lọ sílé láìsáré, láìwẹ̀yìn. Ẹ lo iná olóòrùn tí ẹ kò bá fọkàn tán wáyà. Oṣù Kọkànlá ló sì yẹ kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì.