Ìbínú Ni Tẹ́tẹ́ Orí Fóònù Fi Ń Jèrè

Àwọn àgbà ní ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, tẹ́tẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń ta lórí fóònù ló fa ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá èyí tí wọ́n ń fi káàdì ta, tí wọ́n ń pè ní póka.

Ní Òfìkì àti káàkiri Òkè-Ògùn, a mọ ayò dáadáa: ihò 12, ọmọ ayò 48. Bí ọ̀ta bá pa ọ̀pẹ̀, àwọn òǹwòran á fi ọ̀pẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà á rẹ́rìn-ín, á dìde fún ẹlòmíràn. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n á palẹ̀ ọpọ́n mọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa èèyàn láyò tí kò ní fajú ro.

Póka orí fóònù kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ lè máa ta á lóru nínú yàrá, kò sí òǹwòran tí yóò ní kó dìde. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ ní 1,000 náírà, inú á bí i, á ní dandan ni kí òun gba owó òun padà. Á fi 2,000 lé e, á tún fi 5,000 lé e. Àwọn tó ń ta á nílùú òyìnbó mọ àrùn yìí, ‘tilt’ ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá ṣe kì í ro ohun tí káàdì ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe mọ́, owó tó lọ nìkan ló ń rò.

Àwọn tó ni ojú tẹ́tẹ́ náà ńkọ́? Ṣe ni wọ́n ń yọ díẹ̀díẹ̀ nínú owó tí àwọn tó ń ta á bá dá sílẹ̀. Bí ọmọ bá ṣe ń fi ìbínú ta tó, bẹ́ẹ̀ ni tiwọn ń pọ̀ sí i.

Àwọn ọ̀dọ́ á ní ṣebí Chris Moneymaker, oníṣirò owó ará Amẹ́ríkà, gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ ìdíje póka ní Las Vegas lọ́dún 2003, ó sì gba mílíọ̀nù 2.5 dọ́là. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ènìyàn 839 ló wọ ìdíje náà. Nínú 838 yòókù, mélòó la gbọ́ orúkọ wọn?

Kí ọmọ má ta á rárá ló dára jù. Ẹni tí kò bá gbọ́, kó dá iye owó sọ́tọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, kó má ṣe jẹ́ owó iṣu, owó kajú tàbí owó ilé-ìwé. Bí ó bá tán, kó pa fóònù, kó lọ sùn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ìbínú wo ìbínú sàn. Ọmọ tí a bá fi igbe lé, á fi gbèsè pamọ́, á sì tún lọ ta òmíràn láti fi san án. Ẹ pè é jẹ́jẹ́, ẹ bi í ní iye tó ti lọ, kí ẹ sì gbé ọpọ́n ayò síta fún un lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́.

Owó tó lọ ti lọ. Ẹni tó bá fi ìbínú wá a, á fi èyí tó kù kún un. Ọlọ́run ò ní í jẹ́ ká fi ọwọ́ ara wa ba iṣẹ́ wa jẹ́.