Ẹ Má Torí Kọ̀ǹpútà Yọ Àmì Ohùn Sílẹ̀

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, àṣà kan ń wọlé sáàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè tí a wá láti agbègbè Tchaourou. Bí Python bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, a ó ní àmì ohùn ló fà á, a ó sì máa kọ Nàgó wa láìlámì. Èmi kò fara mọ́ ọn.

Nígbà tí Windows bá ní python "n'est pas reconnu en tant que commande interne ou externe", kò sọ pé Python kò sí. Ohun tó ń sọ ni pé òun kò mọ ibi tó wà. Inú àkọsílẹ̀ kan tó ń jẹ́ PATH ni orúkọ àwọn fódà tí ẹ̀rọ máa ń wò wà. Nígbà tí ẹ bá ń fi Python sórí ẹ̀rọ, ẹ tẹ àpótí kékeré tí wọ́n kọ "Add python.exe to PATH" sí, òfìfo ló máa ń wà. Lẹ́yìn náà, ẹ pa fèrèsé tí ẹ ń tẹ àṣẹ sí dé, kí ẹ tún un ṣí. Bí Python bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ tẹ where python kí ẹ mọ èyí tó ń dáhùn, kí ẹ sì fi python -m pip install gbé irinṣẹ́ wọlé, kó má baà bọ́ sọ́dọ̀ òmíràn. Kò sí ọ̀rọ̀ àmì ohùn nínú gbogbo èyí.

Òótọ́ ni pé lẹ́tà wa lè dá wàhálà sílẹ̀ nínú orúkọ fódà. Ní Nàìjíríà, ọ ni wọ́n ń kọ. Ní Bẹ̀nẹ̀, láti 1975 tí wọ́n ti ṣètò álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè, ɔ ni. Ìró kan náà ni, ṣùgbọ́n lójú ẹ̀rọ, U+1ECD ni ti àkọ́kọ́, U+0254 ni èkejì. Windows-1252, tí àwọn ètò àtijọ́ ń lò lórí ẹ̀rọ elédè Faransé, ní é àti è, ṣùgbọ́n kò ní ọ, kò sì ní ɔ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí orúkọ fódà rọrùn, bíi C:\ede, láìsí àmì, láìsí àlàfo. Àmọ́ inú fáìlì ni èdè wà: ẹ fi UTF-8 pa á mọ́, kí ẹ kọ àmì rẹ̀ pé. Bí ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ bá di ọ̀kan náà nínú àkójọ ọ̀rọ̀ tí a gbà lẹ́nu àwọn àgbà wa, ta ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ́la?

Wákàtí kan lọ́dún àkọ́kọ́ tó láti fi kọ́ni ní èyí. Ẹ jẹ́ ká béèrè fún un. Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.