Ẹ Jẹ́ Kí Gbogbo Wọn Rí Ẹnu Ọ̀nà Rẹ́sídẹ́ǹsì

Nígbà tí èsì Match jáde lóṣù kẹta ọdún 2024, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń pín dókítà sí rẹ́sídẹ́ǹsì (ẹ̀kọ́ṣẹ́ nínú ọsibítù lẹ́yìn iléèwé ìṣègùn) ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń jáde ní iléèwé ìṣègùn MD níbẹ̀ tó rí àyè gbà lé ní 93 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti àwọn àjèjì tó kàwé nílẹ̀ òkèèrè, tí àwọn ọmọ wa láti Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Ìdí-Àràbà wà lára wọn, jẹ́ nǹkan bí 58. Ọ̀pọ̀ ló ń di ẹ̀bi èyí ru kọ̀ǹpútà tó ń pín àyè. Kọ̀ǹpútà náà kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Àtòjọ tí dókítà kọ àti èyí tí ọsibítù kọ ló ń wò pọ̀, Alvin Roth tó tún un ṣe sì wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ètò ọrọ̀ ajé lọ́dún 2012. Kí àtòjọ tó wà rárá ni ojúsàájú ti ń wọlé, nígbà tí wọ́n ń pinnu ẹni tí wọ́n máa pè fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ẹni tí wọn ò pè, orúkọ rẹ̀ ò lè dé iwájú kọ̀ǹpútà.

Títí di oṣù kìíní ọdún 2022, USMLE Step 1, ìyẹn ìkíní nínú ìdánwò ìwé àṣẹ dókítà ní Amẹ́ríkà, ní máàkì. Ọmọ tó kàwé n'Ílọrin lè fi máàkì ńlá gbẹnu sọ fún ara rẹ̀ lọ́dọ̀ ọsibítù tí kò mọ ibi tó ti wá. Látìgbà náà, bóyá èèyàn yege tàbí ó fìdí rẹmi nìkan ni wọ́n ń kọ. Step 2 ṣì ní máàkì lóòótọ́, ṣùgbọ́n lójú tèmi, lẹ́tà ìjẹ́rìí láti ọwọ́ dókítà tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ti wá wúwo jù. Akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà ń rí i gbà nínú iléèwé rẹ̀. Tiwa gbọ́dọ̀ gba físà, kó wọ bàálù, kó wá yàrá, kó sì rí ẹni tó máa gbà á fún observership. Fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, yóò máa tẹ̀ lé dókítà láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, kò ní tọ́jú aláìsàn, kò ní kọ nǹkan kan sínú fáìlì. Àwọn ibòmíì tún ń gbowó lórí rẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n ní Houston yóò ríbi sùn, ẹ̀gbọ́n náà yóò sì bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó ní baba nígbẹ̀ẹ́jọ́ kì í jẹ̀bi. Ta ni baba ọmọ akọ́wé kékeré láti Ògbómọ̀ṣọ́ nínú ẹjọ́ yìí?

Àwọn kan á ní kò sí iṣẹ́ tí wọn kì í ti í béèrè ẹni tó mọni. Òótọ́ ni. Pé dókítà kan ń béèrè nígbà tí nǹkan bá rú u lójú, pé kì í parọ́ nípa èsì àyẹ̀wò, ìdánwò kankan ò lè fi hàn. Ẹni tó bá a ṣiṣẹ́ ló lè jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó rí iṣẹ́ rẹ yàtọ̀ sí ẹni tó mọ bàbá rẹ. Ẹ̀rí ti àkọ́kọ́ ni mo fara mọ́, ohun tí mo sì ń bá jà ni bí wọ́n ṣe ń ta àǹfààní kí wọ́n rí iṣẹ́ èèyàn, tàbí kí wọ́n fi í fún ọmọ ọ̀rẹ́.

Wọ́n tún lè sọ pé owó ìjọba Amẹ́ríkà ló ń gbé púpọ̀ nínú ẹ̀kọ́ rẹ́sídẹ́ǹsì, pé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti fi tiwọn ṣáájú. N ò jiyàn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ ọ́ síta. Torí owó ni ẹni tó ń kọ̀wé ń san: lásìkò ìkọ̀wé ọdún 2025, dọ́là 11 ni wọ́n ń gbà lórí ìwé kọ̀ọ̀kan fún ètò 30 àkọ́kọ́ nínú ẹ̀ka ìṣègùn kan, tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀ ó di 30. Ẹni tó kọ̀wé sí ọgọ́rùn-ún san 2,430 dọ́là. Ọsibítù lè ti fi kọ̀ǹpútà yọ gbogbo ẹni tó nílò físà, tàbí tó ti pẹ́ tó jáde, kí ẹnikẹ́ni tó ka ìwé wọn. Ìwà tí kò dáa ni kí wọ́n jẹ́ kí èèyàn sanwó láti kọ̀wé sí ọsibítù tó ti pinnu pé òun ò ní wò ó.

Ní ti àwọn tó ń sọ pé kí ọ̀nà náà dí pátápátá kí dókítà lè dúró nílé, ìyà tí wọ́n fi jẹ ọmọ kan ní Chicago kò ní gbé e padà sí ọsibítù tí kò sí iná, tí owó oṣù kì í jáde lásìkò.

Ẹ̀yin dókítà wa tó ti fìdí múlẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹ̀yin lẹ lè kọ́kọ́ tún èyí ṣe. Bí ẹ bá lè gba ẹnì kan lọ́dún fún observership, ẹ kéde rẹ̀ níbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i, ẹ kọ ohun tí ẹ ń wá, kí ẹ sì yan ẹni tí ẹ ò mọ ilé baba rẹ̀.